Ẹni Tó Kọ́ Iṣẹ́ Ojú Òpó Ayélujára, Ojú Òpó Tirẹ̀ Dà?

Ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Òwe yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé, síbẹ̀ ó ṣòro láti rí iṣẹ́ òde òní tí ó bá a mu tó iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ bí a ti ń ṣe ojú òpó ayélujára. Láti Yábàá dé Ìbàdàn, láti Òṣogbo dé Àkúrẹ́, ènìyàn kì í rìn jìnnà kó tó rí pátákó ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pàápàá dá sí i ní ọdún 2023, nígbà tí iléeṣẹ́ tí Mínísítà Bọ́sún Tìjání ń darí gbé ètò 3MTT kalẹ̀, pẹ̀lú èròǹgbà láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èròǹgbà náà dára. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí, tí ó dé iwájú ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ni yóò kọ́kọ́ fà yọ nínú àpò. Bí ẹni náà bá wo ìwé ẹ̀rí náà tán, tí ó wá béèrè pé, "Ojú òpó tìrẹ ńkọ́?", ìdákẹ́jẹ́ ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e.

Àṣìṣe tí ó fa ìdákẹ́jẹ́ yìí kò ṣòro láti rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú òpó ti ara ẹni jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí à ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá ti parí, bí ìgbà tí a kọ́lé tán kí a tó fi ọ̀dà kùn ún. Ṣùgbọ́n ojú òpó yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn aránṣọ mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kì í fi ọdún mẹ́ta jókòó kí ó máa wo ọwọ́ ọ̀gá lásán. Yóò fi bébà gé aṣọ, yóò fi àkísà dán an wò, yóò rán ti ara rẹ̀, yóò tú u, yóò tún un rán, àti ẹ̀wù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi rán an. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí a rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí CERN ní ẹ̀bá ìlú Geneva, kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀ nípa bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò ṣe máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ara wọn láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Nígbà tí ó di ọdún 1991, ojú òpó àkọ́kọ́ ti wà fún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé kò sí ẹni tí yóò san owó kí ó tó lò ó. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọn kò fi kóòdù ojú ewé pamọ́. Títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè ní kí búráúsà rẹ̀ fi kóòdù ojú ewé tí ó ń wò hàn án. Ó dà bí ẹ̀wù tí a lè yí inú rẹ̀ síta, kí a wo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ kò ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Wọ́n wo ti ẹlòmíràn, wọ́n sì lọ gbìyànjú tiwọn.

Ìdí tí ojú òpó ti ara ẹni fi bá ẹ̀kọ́ mu ju iṣẹ́ àfinúrò lọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó fẹ́ sọ níbẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ ṣe ojú òpó fún ilé oúnjẹ kan tí kò sí níbìkankan, àkọ́lé yóò jẹ́ ìsọkúsọ, àwòrán yóò jẹ́ àyálò, ọmọ náà kò sì ní mọ ìgbà tí iṣẹ́ náà kò dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nípa ara rẹ̀ ni, HTML yóò béèrè àwọn ìbéèrè tí kò lè sá fún. Èwo ni àkọ́lé tí ó ga jù? Èwo ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Èwo ni ó jẹ́ àlàyé lásán? HTML kì í béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ètò ọ̀rọ̀ ni ó ń béèrè. Ọ̀rọ̀ àwọ̀, ìwọ̀n àti àyè jẹ́ ti CSS, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1996. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ ti kan òrùlé kí ó tó mọ ògiri. JavaScript lè dúró ná. Ojú òpó tí ó ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ àti ohun tí ó lè ṣe kò nílò rẹ̀ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ sára pátákó wọn gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ owó ni àwíjàre tí ó wọ́pọ̀ jù, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó kún owó iṣẹ́ wọn, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọmọ tí ń wo fídíò ẹ̀kọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò jẹ dátà tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n kíkọ HTML kò jẹ dátà rárá. Búráúsà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà àti Notepad tí ó bá Windows wá ti tó. Fáìlì náà yóò ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì ṣí nígbà tí iná bá lọ, níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì ní agbára. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè rí áàpù tí a fi ń kọ kóòdù lórí fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka yóò ro ó. Fún ìtọ́sọ́nà, MDN àti freeCodeCamp wà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ kíkà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Wíwo ẹni tí ń wẹ̀ lódò kò sọ ẹnikẹ́ni di òmùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọ̀dọ́bìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ṣe ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ sí i. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dán bí ojú owó. Ó gbé e lọ sórí GitHub Pages, níbi tí ojú òpó kékeré kò ti ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dá a lóhùn pé òun kò rí fọ́tò kankan. Kí ló dé? Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí ó júwe fún búráúsà bẹ̀rẹ̀ láti ara C inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni láyé kò lè dé àyàfi òun. Ó sì lè jẹ́ pé orúkọ fáìlì náà ni "Foto.JPG", tí òun sì kọ "foto.jpg" sínú kóòdù. Windows kò ka ìyàtọ̀ yẹn sí, nítorí náà fọ́tò hàn nílé. Sáfà tí ó gbé e lọ ka lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà fọ́tò pòórá lóde. Ó lè fi odidi ọ̀sán wá àṣìṣe yìí kí ó tó rí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò ní gbàgbé pé ojú òpó kì í ṣe ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ṣe é, pé ohun tí ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Olùkọ́ lè fi wákàtí méjì sọ gbólóhùn yẹn kí ó má wọ ẹnikẹ́ni létí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìlà àkọ́kọ́ lórí irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó ni ín, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan fọ́ńtì tí ó rẹwà, yóò tẹ "Tèmítọ́pẹ́" sí i, yóò sì rí i pé àmì ohùn ti fò kúrò lórí ọ, ó ti lọ jókòó sáàárín rẹ̀ àti lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Tàbí kí lẹ́tà tí ó ní ìsàlẹ̀ kíkan jáde ní ìrísí mìíràn, nítorí pé fọ́ńtì náà kò ní in, búráúsà sì lọ yá a lára fọ́ńtì òmíràn, kí orúkọ tí ìyá àti bàbá ronú kí wọ́n tó sọ wá dà bí ẹ̀wù tí a fi àkísà lẹ̀. Bí ó bá tún gbàgbé láti kọ ìlà kúkúrú tí ó ń sọ fún búráúsà pé UTF-8 ni òun lò, ẹ lè di "áº¹" lójú ẹni tí ń kà á.

Ìdí rẹ̀ yé ẹni tí ó bá wádìí. Ètò Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ó fún é, ó àti à ní tiwọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ tò pọ̀, lẹ́tà àti àmì, fọ́ńtì ni yóò sì mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Fọ́ńtì tí àwọn tí ó yà á kò rò ti Yorùbá mọ́ ọn kò ní mọ̀ ọ́n. Àwọn fọ́ńtì Noto tí Google gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kì í hàn sí ojú. A lè fi ọ àti àmì ìsàlẹ̀ ohùn kọ ọ̀, a sì lè fi ò àti ìsàlẹ̀ kíkan kọ ọ́. Ojú ènìyàn kò lè fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ títí a óò fi sọ wọ́n di ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè wá orúkọ ara rẹ̀ lórí ojú òpó ara rẹ̀ kí ẹ̀rọ sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n ká àmì kúrò, kí orúkọ wà ní ìhòòhò. Wọ́n á ní ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rọrùn láti kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, kí olùkà máa méfò bóyá ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó ni tàbí ohun tí ń gbé èrò, ohun tí a fi ń roko tàbí ohun ìjà ogun. Bí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ojú òpó bá jọ̀wọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ta ni yóò wá ṣe ojú òpó tí èdè Yorùbá yóò ti rí bí ó ti yẹ kó rí? Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí ó bá a ṣe YorubaName kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ojú òpó tí a ti lè ka orúkọ pẹ̀lú àmì, kí a sì gbọ́ bí a ti ń pè é, wọ́n sì fi bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí ó ní àmì ohùn ta aráyé lọ́rẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti bá orúkọ tirẹ̀ jìjàkadì títí ó fi jáde dáadáa ti ní ìmọ̀ kan tí àwọn agbaṣẹ́ṣe láti òkè òkun kò ní. Àwọn atẹ̀wé, ilé ẹ̀kọ́, ìjọ àti àwọn tí ń ṣe ìwé ìròyìn lédè Yorùbá nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn ì bá sì sanwó fún un bí wọ́n bá mọ ibi tí yóò ti wá. Kí ó tún rántí láti kọ lang="yo" sí ojú ewé tí ó bá fi Yorùbá kọ. Lẹ́tà méjì péré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé èdè tí ó ń wò ní orúkọ.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti wo ojú òpó náà. Láti ọdún 2010 tí Ethan Marcotte ti kọ̀wé nípa ojú òpó tí ó ń na ara rẹ̀ tí ó sì ń sún kì gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó, kò sí àwíjàre mọ́ fún ojú ewé tí a ní láti fi ìka fẹ̀ kí a tó lè kà á. Ìlà kan nínú kóòdù ni ó ń sọ fún fóònù pé kí ó má ṣe bí kọ̀ǹpútà ńlá. Ọ̀rọ̀ fọ́tò tún wà níbẹ̀. Fáìlì HTML kan tí ó kún fún ọ̀rọ̀ lè má wúwo ju kílóbáìtì 20 lọ. Fọ́tò tí a yà lórí fóònù tí a kò sì dín kù lè tó mẹ́gábáìtì 4, tí ó jẹ́ igba irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ráhùn pé dátà wọ́n, tí ó wá gbé fọ́tò márùn-ún bẹ́ẹ̀ síwájú àlejò rẹ̀, ń fi owó ẹlòmíràn ṣe fàájì.

Kí ni ó yẹ kó wà níbẹ̀? Iṣẹ́. Iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a lè tẹ̀ kí ó ṣí, pẹ̀lú àlàyé ṣókí nípa ìṣòro tí ó fẹ́ yanjú, ohun tí ó le níbẹ̀ àti ipa tí ẹni náà kó bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pọ̀ ní ìdí iṣẹ́ náà. Kò pọn dandan kó jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ojú ewé tí ó ń fi iye owó gàrí àti ẹ̀wà hàn fún ìyá kan tí ń tajà ní Bódìjà sàn ju àdàkọ Netflix lọ, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì kan náà ti ṣe láti inú fídíò kan náà. Ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ni ọ̀pá aláwọ̀ tí ń sọ pé ẹni yìí mọ HTML dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ni ó wọ̀n ọ́n? Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n lò? Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé àti ọjọ́ ìbí pẹ̀lú kò ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójú òpó gbogbo ayé, àwọn gbájúẹ̀ ń kàwé. Àdírẹ́sì ímeèlì kan ti tó.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti kọjá èyí. Wọ́n á ní àwòṣe tí a ti ṣe sílẹ̀ wà, pé Instagram wà, àti pé láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ lè kọ odidi ojú òpó kí a tó mu omi tán. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ́ kí oníbàárà rí òun kò nílò láti mọ CSS, kò sì sí ohun tí ó burú nínú àwòṣe fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ pé iṣẹ́ òun ni kò lè fi ẹ̀wù àyálò polówó ìránṣọ. A ti rí ojú òpó akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ "John Doe" ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ara àwòṣe. Ní ti ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, ó lè kọ kóòdù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àmì bá fò kúrò lórí orúkọ, ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ kò ní mọ ohun tí yóò béèrè. Kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ewé kan, lẹ́yìn náà kí ó pe ẹ̀rọ sí i bí ọ̀rẹ́.

Ní ti Instagram àti irú rẹ̀, ilé ayálégbé ni. GeoCities bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó sì kọ́ ojú ewé wọn síbẹ̀. Yahoo rà á ní ọdún 1999, ó sì tì í pa ní ọdún 2009. Ẹni tí kò tọ́jú fáìlì rẹ̀ sílé pàdánù gbogbo rẹ̀. GitHub Pages pẹ̀lú jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ọ́, ó lè kó o lọ síbòmíràn láàárín wákàtí kan. Nígbà tí owó bá sì wà, ó lè ra orúkọ tí ó parí sí .ng, kí àdírẹ́sì náà jẹ́ ti òun níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí pé ojú òpó yóò mú iṣẹ́ wá. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ gan-an sì ń jókòó sílé. Èyí tí ó burú ni pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí tí ó tà nínú ọjà rẹ̀ kí ó tó rí i san, wọ́n sì ń fi ìwé dídán tú ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, láìsí ohun kan tí ó lè tọ́ka sí pé òun ni òun ṣe é. Òbí náà kò mọ HTML, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní fóònù. Bí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ náà kí ó tó sanwó, kí ó ní kí wọ́n fún òun ní àdírẹ́sì ojú òpó àwọn mẹ́wàá tí ó parí ní ọdún tí ó kọjá, kí ó ṣí wọn lójú wọn lọ́ọ́fíìsì, kí ó wo bóyá orúkọ àwọn ọmọ náà pé, àti bóyá ó yàtọ̀ lára orúkọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé.